Họ́ọ̀sì coolant ara throttle body: ìdí tó fi wà níbẹ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù, tí ẹ tẹ̀lé họ́ọ̀sì ńlá tó ti ilé fíltà afẹ́fẹ́ wá, ibi tó parí sí ni throttle body: àgbá alumíníọ̀mù kékeré kan tí awo róbótó wà nínú rẹ̀. Awo yìí ló ń ṣí bí ẹ bá tẹ iná, òun ló sì ń pa bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí họ́ọ̀sì rọ́bà tín-ín-rín méjì tí ihò inú wọn sábà máa ń tó mílímítà 8. Omi rédíétọ̀ ló wà nínú wọn. Ọ̀kan ń gbé coolant gbígbóná wọlé, èkejì ń gbé e jáde. Coolant yìí kì í kan afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ara irin náà ló ń gbà kọjá, ooru nìkan ló ń fi sílẹ̀.

Àwọn kan á ní ìnira lásán ni, kí a yọ ọ́ dànù. Kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́, ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe.

Yìnyín inú ẹ́ńjìnnì gbígbóná

Nígbà tí awo bá ṣí díẹ̀ péré, afẹ́fẹ́ ń fún ara rẹ̀ gba àlàfo tóóró tó wà ní etí rẹ̀. Eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, ìtẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì tutù ju bó ṣe wọlé lọ. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ á wá ṣẹ̀ bí ìrì sára awo àti sára ọ̀pá tó gbé awo dúró. Bí irin náà bá ti tutù dé 0°C, ìrì yẹn á di yìnyín.

Ọjọ́ tí òtútù le jù kọ́ ló léwu jù. Afẹ́fẹ́ tó wà ní -20°C kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù omi 1 lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Ní 0°C ó lè gbé bíi gíráàmù 5, ní 10°C ó lè gbé ju gíráàmù 9 lọ. Nítorí náà ọjọ́ tí kùrukùru bo ilẹ̀, tí òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì, tí ojú ọjọ́ wà láàárín 0°C sí bíi 10°C, ni kí ẹ fura sí.

Omi mìíràn tún wà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń pèsè. Bí lítà bẹntiróòlù kan bá jó tán, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde tó nǹkan bí lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù ń bá èéfín lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì sínú ilé òìlì, họ́ọ̀sì ìmí ẹ́ńjìnnì á sì fà á padà wá sí itòsí throttle. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà, tí òìlì rẹ̀ kì í gbóná dáadáa, ni omi yìí máa ń kó jọ sí jù. Bí ẹ bá ṣí ìdérí òìlì tí ẹ rí ohun funfun bí ìpara lábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ òun náà ni.

Ti kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́) tún le ju báyìí lọ. Inú rẹ̀ ni epo ti ń di oru, epo tó ń di oru sì ń fa ooru kúrò lára irin, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi lè mú un ní ọjọ́ tí ó tó 15°C. Ẹ́ńjìnnì tí ínjẹ́ktọ̀ ń fọ́n epo sí lẹ́yìn throttle bọ́ lọ́wọ́ apá yẹn, kò bọ́ lọ́wọ́ ìyókù.

Bí yìnyín bá mú awo, ẹ ó rí i pé ẹ́ńjìnnì ń kú nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́yìn ìrìn gbọọrọ. Èyí tó burú jù ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀, kí awo má padà, kí ọkọ̀ máa sáré lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ gíá sí neutral, ẹ fi bíréèkì dúró, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ tí wáyà irin ń fa awo, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ pé pẹ́dà ti le. Nínú èyí tí mọ́tò ń yí awo, kọ̀ǹpútà á rí i pé awo kò sí níbi tí òun ní kó wà, á tan iná ìkìlọ̀, á sì dín agbára ọkọ̀ kù. Kóòdù tó máa ń fi sílẹ̀ ni P2111, tó ní awo há ní ṣíṣí, P2112, tó ní ó há ní pípa, tàbí P2119, tó ní ìrìn awo kò bá àṣẹ mu.

Ohun tó ń tan mẹkáníìkì jẹ nìyí: bí ọkọ̀ bá dúró fún ìṣẹ́jú 15, ooru ẹ́ńjìnnì á ti yọ́ yìnyín dànù. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, awo ti ń ṣí, ó ń pa geere, kóòdù nìkan ló kù. Ó wá ní kí ẹ ra throttle tuntun. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjèèjì yìí ná.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó dé orí sílíńdà), tàbí ilé omi tó wà ṣáájú thermostat (fáfù tó ń ṣí ọ̀nà omi sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná), ni họ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti sábà máa ń gba omi, kí omi lè máa ṣàn nínú rẹ̀ kódà bí thermostat ṣì wà ní pípa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ ti ṣáná sí ọkọ̀, irin throttle á ti máa lọ́ wọ́ọ́wọ́. Omi á la inú rẹ̀ já, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ á tún la fáfù slow já (slow ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná), á wá padà sí pàípù hítà, sí ẹnu pọ́ńpù omi tàbí sí táńkì àfikún. Ihò náà kéré, ìdọ̀tí díẹ̀ sì lè dí i pátápátá nígbà tí rédíétọ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ má retí pé gèéjì ooru ni yóò sọ fún yín.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní i. Bí kò bá sí imú irin tí họ́ọ̀sì tín-ín-rín lè wọ̀ sí lára throttle tiyín, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Fáfù tó ń fi ìda mọ ooru

Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kí throttle onímọ́tò tó gbòde, coolant yìí ní iṣẹ́ kejì tí ó ju ti yìnyín lọ, òun sì ni ẹni tó bá já họ́ọ̀sì máa ń gbàgbé. Fáfù kékeré kan wà lábẹ́ throttle tí ìda wà nínú rẹ̀. Bí ìda bá tutù, á súnkì, fáfù á ṣí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń yà gba ẹ̀gbẹ́ awo, slow á ga sí bíi RPM 1,500 (ìyípo 1,500 ní ìṣẹ́jú kan) kí ẹ́ńjìnnì tútù má baà kú. Bí coolant bá gbóná, ìda á yọ́, á wú, á ti fáfù pa, slow á sọ̀ kalẹ̀ sí 700 tàbí 800. Kọ̀ǹpútà kò ní ọwọ́ nínú fáfù yìí rárá. Coolant nìkan ni ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí omi rédíétọ̀ bá dín. Òkè ni throttle wà, nítorí náà òun ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ omi. Fáfù tí afẹ́fẹ́ yí ká dípò omi á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á ṣí, slow á gòkè. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ooru ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, awo sì wà ní pípa. RPM tó ga báyìí, lójú tirẹ̀, túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ń yí lọ láìtẹ iná, kò sì nílò epo. Á gé epo. RPM á já lulẹ̀, á dá epo padà, RPM á tún gòkè. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń mí gúlegúle. Ọ̀pọ̀ ti ra sẹ́ńsọ̀, wọ́n ti ra fáfù, wọ́n ti yí ìdè slow (súkúrú tí a fi ń tún slow ṣe) títí ó fi bàjẹ́, sórí ọ̀ràn tí lítà omi kan àti sùúrù ì bá yanjú.

Láti mọ̀ bóyá fáfù ìda ń pa, ẹ yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu throttle nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣáná sí i, ẹ wá ihò kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹnu náà, níwájú awo, kí ẹ fi ìka dí i. Ó yẹ kó máa fa ìka yín. Lẹ́yìn tí fáànù rédíétọ̀ bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún dán an wò: kò yẹ kó fà mọ́. Bó bá ṣì ń fà, tí họ́ọ̀sì méjèèjì sì gbóná, fáfù ló bàjẹ́. Bí họ́ọ̀sì bá tutù, ẹ fi fáfù sílẹ̀, omi ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí wáyà irin ń fa awo rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ má ki ìka bọ throttle onímọ́tò nígbà tí iná wà lára ọkọ̀, awo rẹ̀ lè géni lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò tí kò gba irinṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù. Ẹ ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kó máa yí fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa fọwọ́ tọ́ họ́ọ̀sì méjèèjì wò fìrífìrí, nítorí pé coolant lè gbóná dé 90°C, ó sì ń bóni. Ẹ yẹra fún bẹ́líìtì àti fáànù.

Bí méjèèjì bá gbóná, tí ooru èyí tó ń jáde dín díẹ̀ sí ti èyí tó ń wọlé, kò sí wàhálà. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ihò inú throttle tàbí ti fáfù ti dí. Bí méjèèjì bá tutù nígbà tí họ́ọ̀sì hítà gbóná, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ há sínú wọn, pé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń gba omi dí, tàbí pé ẹnì kan ti so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn throttle tí kò sì sọ fún yín. Ẹ tẹ̀lé wọn délé kí ẹ tó máa fọ nǹkan.

Ẹni tó bá ní ìwọ̀n ooru onítànṣán, kí ó mọ̀ pé alumíníọ̀mù dídán ń pa irọ́ fún un: ìwọ̀n náà á ka kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ lẹ téèpù dúdú díẹ̀ mọ́ irin náà, kí ẹ wọn orí téèpù.

Ẹ tún wo àmì jíjò: èépá aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ osùn ní ẹnu ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ irin, rọ́bà tó wú ní etí kílíìpù, èyí tó ń sán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ po. Jíjò tó ń dani láàmú jù ni èyí tí kò kán sílẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì kan, gáskẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àlàfo láàárín irin méjì) kan náà ló ń dá coolant àti afẹ́fẹ́ dúró láàárín throttle àti fáfù slow. Bó bá já ní àárín, manifold (pàípù tó ń pín afẹ́fẹ́ sí àwọn sílíńdà) á máa fa coolant mu: omi ń dín, ilẹ̀ gbẹ, èéfín funfun tó ń ta sánsán dídùn ń jáde. Ọ̀pọ̀ á sáré sọ pé gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ló jó. Ẹ tú fáfù slow wò kí ẹ tó tú tọ́ọ̀pù. Bóòtù mẹ́rin ni ní ìfiwéra pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Pípààrọ̀ họ́ọ̀sì

Họ́ọ̀sì tí a ṣe fún coolant ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ EPDM (irú rọ́bà kan) sí lára tàbí tí wọ́n ní ó wà fún hítà. Họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù jọ ọ́, ṣùgbọ́n coolant gbígbóná á sọ inú rẹ̀ di líle. Họ́ọ̀sì fákúọ̀mù tinrin jù, páláìsíkì funfun tó mọ́ gaara á sì rọ̀ bí ewé lórí ooru. Ẹ wọn ihò inú rẹ̀ pẹ̀lú imú irin, ẹ má fojú díwọ̀n: mílímítà kan tó fi tóbi jù, kílíìpù kò lè gbà á là. Ẹ gé e ní gígùn èyí àtijọ́ gan-an, nítorí èyí tó gùn jù á ká kọ́rọ́, èyí tó kúrú á fa ara rẹ̀ yọ.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ìdérí rédíétọ̀ ń di omi mú ní ìtẹ̀ tó nǹkan bí bar 1, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè kọjá 100°C láìhó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fọ́n sí yín lójú. Lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí ìtẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ gbé agbada kékeré sábẹ́. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí omi púpọ̀ dànù, ẹ tú lítà 1 sí 2 kúrò nísàlẹ̀ rédíétọ̀ sínú ike tó mọ́ kí omi lè lọ sísàlẹ̀ ju throttle lọ, kí ẹ lè dá a padà.

Ẹ fi pláyà fún etí kílíìpù onísípíríìn pọ̀, ẹ sún un sẹ́yìn, ẹ yí họ́ọ̀sì sọ́tùn-ún sósì kí ó tó yọ. Bó bá lẹ̀, ẹ má fà á: imú irin yẹn lè jẹ́ idẹ tinrin tí wọ́n tẹ̀ wọ alumíníọ̀mù, bó bá yọ tàbí tó wọ́, throttle lẹ máa rà. Ẹ fi abẹ la họ́ọ̀sì àtijọ́ ní gbọọrọ láìjẹ́ kí abẹ kan irin, ẹ ṣí i bí èèpo. Ẹ fi páálí ìhá tó rọ̀ nu èépá kúrò lára imú náà, nítorí èépá ni jíjò tuntun ń gbà. Ẹ fi omi tàbí coolant díẹ̀ tọ́ inú họ́ọ̀sì kó lè wọ̀. Òìlì àti gírísì ń wú EPDM, ẹ má fi wọ́n sí i. Kílíìpù á jókòó lẹ́yìn òkè kékeré tó wà lára imú, kò gbọdọ̀ wà lórí òkè náà. Bó bá jẹ́ onísúkúrú, ẹ dẹ́kun nígbà tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Coolant tó bá kán sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá. Ó dùn lẹ́nu, ajá àti ológbò ń lá a, ó sì ń pa wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dé wáyà tàbí ẹnu sẹ́ńsọ̀.

Bí ihò inú throttle bá dí

Omi ẹ̀rọ lásán, ìpẹtà, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ láti dí jíjò, àti irú coolant méjì tí wọ́n pò pọ̀ ló sábà máa ń dí i. Àwọ̀ kì í ṣe àmì pé coolant méjì bára mu. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Bí ẹ ti yọ họ́ọ̀sì méjèèjì, ẹ fi omi tí kò le púpọ̀ tì í láti ẹnu tó ń jáde, òdìkejì ọ̀nà tó máa ń gbà, kí ìdọ̀tí lè padà síbi tó ti wọlé. Bí kò bá ṣí, ẹ da ọtí kíkan funfun sínú ihò náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ tún fi omi ṣàn án. Okùn náílọ́ọ̀nù mílímítà 2 lè wọ inú rẹ̀. Wáyà irin á ha alumíníọ̀mù. Kọ́síìkì sódà ń jẹ alumíníọ̀mù, ẹ má sún mọ́ ọn. Atẹ́gùn kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó le lè fọ́ gáskẹ́ẹ̀tì inú fáfù slow, ìyẹn sì ni jíjò tí kò kán sílẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Omi àti yíyọ afẹ́fẹ́

Ẹ pò coolant àti omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì mú tutù padà di omi (distilled water) ní ìdajì sí ìdajì, àyàfi tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀. Àpòpọ̀ onígláíkọ̀ọ̀lù yìí kì í dì títí ó fi dé nǹkan bí -37°C. Ẹni tó bá rò pé òun á fi coolant pọ́nńbélé ṣe é kó lè lágbára sí i ń ba tirẹ̀ jẹ́: gláíkọ̀ọ̀lù tí kò ní omi ti ń dì ní nǹkan bí -13°C, kì í sì gbé ooru bí èyí tó ní omi.

Kí ẹ tó so họ́ọ̀sì tó ń jáde padà mọ́ throttle, ẹ máa rọ coolant sínú rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa ṣàn jáde lẹ́nu irin náà láìsí fóòmù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ so ó. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdajì iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ yín, torí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń sá sí. Ẹ wá yí hítà sí gbígbóná jù, ẹ ṣáná sí ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, ẹ máa fún họ́ọ̀sì ńlá òkè pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi kún un bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí omi bá ti ń wú wá sókè, ẹ dé e, kí ẹ dúró títí fáànù á fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ń dún gúlúgúlú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí hítà ń fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì tó jí, ẹ tún wo ìwọ̀n omi; ó máa ń dín díẹ̀.

Yíyà á sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ á lágbára sí i bí a bá yà họ́ọ̀sì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí throttle lè tutù ti pẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ń yí RPM 6,000 ń fa nǹkan bí lítà 90 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú throttle tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 60, afẹ́fẹ́ yẹn ń sáré ju mítà 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ti la irin tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 kọjá kí ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Kò ráyè gbóná. Kí ìwúwo afẹ́fẹ́ tó dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó gbọ́dọ̀ gbóná sí i ní nǹkan bí 3°C, nígbà tí manifold àti tọ́ọ̀pù tó ń lọ bá níwájú ti gbóná ju throttle lọ.

Ìdí kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání láti yà á ni pé ó ń jò, tí gáskẹ́ẹ̀tì tàbí throttle tuntun kò tíì dé. Nígbà náà, ẹ yọ họ́ọ̀sì méjèèjì, ẹ fi ìsopọ̀ idẹ mílímítà 8 so wọ́n mọ́ra wọn, ẹ fi kílíìpù mú ẹnu méjèèjì. Ẹ má dí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: nínú ẹ́ńjìnnì kan, họ́ọ̀sì yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà padà sí táńkì àfikún, bí ẹ bá dí i, afẹ́fẹ́ á há sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi fìlà rọ́bà bo imú irin méjèèjì kí iyẹ̀pẹ̀ má wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ní fáfù ìda, ẹ gbà pé slow á wà lókè títí ẹ ó fi dá a padà. Ẹ má fi ìdè slow rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí omi bá padà débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní lè dúró. Bí ojú ọjọ́ bá sì lè sún mọ́ 0°C, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ so bébà mọ́ họ́ọ̀sì pé ẹ ti yà á, torí ẹni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́yìn yín lè má mọ̀.